Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Ọmọ Ẹṣin Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìjẹ̀bú-Òde dáadáa, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ Ojúde Ọba kó tó wá. Lọ́jọ́ náà, ìlú ti wọ aṣọ ẹ̀yẹ. Gbogbo rẹ̀ ń dán, gbogbo rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Kí ó wá ní ìdájí ọjọ́ kan lásán nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, tí àwọn ìyá oníṣẹ́ gaàrí ti ń dáná sábẹ́ agbada, tí ẹṣin kan ṣoṣo sì ń lọ lẹ́bàá títì, tí ọmọbìnrin kan tí bàtà rẹ̀ ti tutù fún ìrì ń fà á lọ.

Èmi ni ọmọbìnrin náà. Jẹ́jẹ́ ni orúkọ ẹṣin náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìmọ̀wò nítorí àdúgbò tó ń gbé, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ, ó sì lè ro ẹṣin pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹṣin ọ̀hún kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ta ìpá, ó fọ́ korobá méjì, ó sì fi àyà ti ilẹ̀kùn ọgbà títí tó fi ṣí kúrò lára ògiri. Bàbá Ìmọ̀wò wò ó títí, wọ́n ní, “Jẹ́jẹ́ ni a ó máa pè é. Bó pẹ́ bó yá, yóò jẹ́ orúkọ náà.”

Ìdílé wa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìdílé tó máa ń gẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹṣin tí a háyà ni à ń gùn. Yóò dé láti àríwá ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, a ó fi aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, a ó gùn ún fún wákàtí mélòó kan, yóò sì padà síbi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìbọn ṣakabùlà dún lẹ́yìn ẹṣin tí ọmọ Bàbá Ìmọ̀wò gùn. Ẹṣin fò sókè, ẹlẹ́ṣin balẹ̀, eegun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí a dé láti ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá ò bá ọmọ wí, wọn ò sì bú ẹṣin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ẹṣin tí a kò mọ̀, tí kò sì mọ̀ wá, a kò ní gùn ún mọ́ nínú ilé yìí.”

Bí a ṣe ra ọmọ ẹṣin nìyẹn, kí a lè tọ́ ọ fúnra wa. Èmi ni wọ́n sì yàn láti gùn ún, nítorí pé èmi ni mo fúyẹ́ jù nínú gbogbo ọmọ ilé, àti nítorí pé àwọn ọmọbìnrin náà ti ń gẹṣin níbi ọdún náà báyìí. Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ bá ti parí l'Ékòó ní ọ̀sán Ẹtì, ibùdókọ̀ ni mo ń gbà lọ. A ó gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a ó yà ní Ṣàgámù sí ọ̀nà Benin, ó di Ìjẹ̀bú-Òde. Ìrìn náà kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá mú wa, a lè lo wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà.

Ìlú tí kì í ṣe ilé ẹṣin

Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹṣin kì í sì í ṣe ọmọ igbó. Ọ̀yọ́ Ilé, tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ló fi àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ gba ìyìn káàkiri. Síbẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ pàápàá ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin wọn lọ́wọ́ àwọn ará àríwá, nítorí bí ẹṣin bá ti ń sún mọ́ igbó tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú tó. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, Òṣogbo ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá wọn dúró ní nǹkan bí ọdún 1840. Nínú igbó tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, ẹṣin ò rí ibi sáré, eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse kò sì ní í jẹ́ kó sinmi.

Ìdí nìyí tí ẹṣin fi jẹ́ ohun ọlá ní Ìjẹ̀bú. Ìtàn ìlú so ìbẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba mọ́ àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀sìn wọn ní àlàáfíà, àti mọ́ Balógun Kúkú, gbajúmọ̀ jagunjagun àti oníṣòwò tó gba Ìsìláàmù. Láti ìgbà náà ni àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin wọ àgbàlá ọba pẹ̀lú ìlù àti ìbọn, tí àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí à ń pè ní Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sì ń tẹ̀ lé ara wọn nínú aṣọ àǹkóò. Ẹni tó bá ń wò ó lórí fóònù yóò rò pé ìlú ẹlẹ́ṣin ni ìlú yìí. Ní òótọ́, bó bá di ọjọ́ kejì ọdún, ọ̀pọ̀ ẹṣin ti wà nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń padà sókè. Jẹ́jẹ́ wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń bá ìlú gbé.

Ẹnu ẹṣin kì í parọ́

Ẹni tó ta Jẹ́jẹ́ fún wa búra pé ó ti pé ọdún márùn-ún. Dókítà ẹranko tó wá wò ó la ẹnu rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú ẹṣin ní àkókò tí wọ́n fi ń hù. Àwọn méjì àárín a máa pààrọ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní ọdún mẹ́ta ààbọ̀, àwọn ti igun ní ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Méjì àárín nìkan ni Jẹ́jẹ́ ti pààrọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Eegun ẹ̀yìn ẹṣin wà lára àwọn tó máa ń pẹ́ kó tó gbó; ó lè ju ọdún márùn-ún lọ. Ẹni tó bá di ẹrù wúwo lé ọmọ ọdún mẹ́ta lónìí ń jẹ nínú ẹ̀yìn tí ẹṣin yóò fi gbé e lọ́la ni. Dókítà ní a lè fi gàárì mọ̀ ọ́n lára, a sì lè jókòó lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ní ìrìn ẹsẹ̀ nìkan, bí ẹni tó gùn ún bá fúyẹ́. Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Bàbá Ìmọ̀wò ní, “Ìwọ náà, dín iyán kù.”

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé tó ń rò pé ẹṣin dà bí ọkọ̀, pé bí ẹ bá ti gbé e síbì kan yóò dúró dè yín, ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí.

Ẹṣin tó wọn nǹkan bí 250 kílò nílò bíi kílò 5 oúnjẹ gbígbẹ lójoojúmọ́, koríko ló sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ, láti òwúrọ̀ di òru. Omi tó ń mu lóòjọ́ lè tó lítà 20 sí 40, bẹ́ẹ̀ kànga ni omi tiwa ti ń wá. Màálámù, ọ̀gbẹ́ni tó bá ẹṣin náà wá láti Kano tó sì gbà láti dúró tì wá, a máa jí ṣáájú ìrun àsùbáà láti gé eèsún tútù ní etí odò. Bó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti èèrí ọkà ni a ń rà ní àpò-àpò.

Ní oṣù Kọkànlá, aládùúgbò wa kan, obìnrin onínúure, rí i pé Jẹ́jẹ́ ń yọ orí lójú fèrèsé. Ó da èèpo gbágùúdá tútù kún abọ́ fún un, bó ṣe ń dà á fún ewúrẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹṣin ti ń wo ìhà ara rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Inú rírun ni. Ọ̀pọ̀ ẹranko yòókù lè bì, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í bì; ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ kò lè gba ẹnu jáde mọ́. Dókítà dé, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì ní kí a máa fà á rìn kó má baà yí ara rẹ̀ lulẹ̀ mọ́. Èmi àti Màálámù ń gbà á lọ́wọ́ ara wa títí di aago mẹ́ta òru. Nígbà tó yàgbẹ́ nígbẹ̀yìn, Màálámù kígbe “Alhamdulillah!” débi pé Bàbá Ìmọ̀wò jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n rò pé olè wọlé. Kò tíì sí ìgbẹ́ tí mo rí láyé mi tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni pátákò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni a ń gé e, bí a ṣe ń gé èékánná, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a fi irin kékeré họ ẹrẹ̀ àti òkúta inú rẹ̀ kúrò. Lọ́wọ́ ẹṣin, ẹsẹ̀ ni ẹ̀mí. Eré ló fi ń gba ara rẹ̀ là. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dání ti gba ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Jẹ́jẹ́ fi kọ̀ jálẹ̀. Màálámù kọ́ mi láti fọwọ́ pa á láti èjìká wá sí orúnkún, kí n dúró, kí n tún lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí n fi sílẹ̀ kíákíá, kí n yìn ín. Ó ní, “Má gbà á. Jẹ́ kó fún ẹ.”

Bí agbádá ṣe gbé mi ṣánlẹ̀

Ohun gbogbo tó wà ní Ojúde Ọba ni ẹṣin ń bẹ̀rù: aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, agboorùn, ìlù, ìbọn, èrò tó ń na fóònù síwá sẹ́yìn. Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán, àfi ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀ àti ọ̀gangan ẹ̀yìn ìdí rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i, ẹkùn ni lójú tirẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Oṣù kìíní lọ sí fífa okùn, dídúró, àti títẹ̀lé mi láì fà mí. Lẹ́yìn náà, a tẹ́ àpò ìrẹsì sí i lẹ́yìn, a sì tún mú un kúrò, kó tó di pé a gbé gàárì lé e. Gàárì tí a kọ́kọ́ yá lọ́wọ́ ẹnìkan kò bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Ó bó o lára láàárín ọjọ́ méjì, a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì tọ́jú egbò. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin bánńgà ọdún, Jẹ́jẹ́ sì sá wọ igun ilé, ó ń gbọ̀n bí ewé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ara mi ò gbà á mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó ti ń bèèrè fọ́tò. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí Màálámù lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ, mo wọ agbádá Bàbá Ìmọ̀wò, mo gbé fóònù lé orí ògiri kó máa yà mí, mo sì gun Jẹ́jẹ́. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ọba ni mí. Bí ọyẹ́ ṣe fẹ́ wọ inú agbádá náà nìyẹn, ó gbá páá. Ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni pé mo rí ìsàlẹ̀ igi máńgòrò láti ibi tí n kò tíì rí i rí. Ọrùn ọwọ́ mi rọ́, ojú sì tì mí ju bó ṣe dùn mí lọ. Fóònù yẹn ya gbogbo rẹ̀ pátá.

Mo sọ fún Bàbá pé n ó padà gùn ún lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Wọ́n mi orí. “Òwe ẹni tó mọ ẹṣin gùn nìyẹn. Ìwọ àti ẹṣin yìí kò tíì mọ ara yín. Bó o bá tún gùn ún báyìí, ìwọ á ti gbójú, òun á sì ti kọ́ pé bí ẹ̀rù bá ń ba òun, kò sẹ́ni tó bìkítà. Padà sílẹ̀.” Mo padà sílẹ̀. Oṣù méjì ni mo tún fi fà á lókùn.

Àwọn tó kọ́ ọ ní ìlù kì í ṣe wa. Nígbà tí Ramadan dé ní oṣù Kẹta, àwọn ọmọ ajísààrì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúgbò kọjá lóru, wọ́n ń lùlù, wọ́n ń kọrin láti jí àwọn aláàwẹ̀. Lóru àkọ́kọ́, Jẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já okùn. Màálámù kò lé àwọn ọmọ náà. Oúnjẹ ló ń gbé fún ẹṣin ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá ti ń bọ̀ lókèèrè. Lóru kẹwàá, bí mo ṣe yọjú láti wò ó, ó na etí síwájú, ó ń wo ọ̀nà. Ó ti ń retí àwọn onílù bí àwa ṣe ń retí sààrì.

Eṣinṣin inú igbó

Òjò dé ní oṣù Kẹrin, àìsàn sì bá òjò wá. Jẹ́jẹ́ ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Lónìí ara rẹ̀ gbóná, lọ́la ó tutù, lọ́túnla ó tún gbóná. Ìdọ̀dọ̀ ẹran abẹ́ inú rẹ̀ wú, ìdí eyín rẹ̀ tó yẹ kó pupa díẹ̀ sì funfun bí òwú. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí eṣinṣin tsetse máa ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ló ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́ títí ẹran yóò fi gbẹ. Àìsàn kan náà tó lé ẹṣin kúrò nínú igbó láyé àtijọ́ ló wá bá tiwa ní Ìmọ̀wò.

Mo dúró nínú ilé ẹṣin náà lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, mo sì bi ara mi pé ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti mú un wá síbí. Ṣé kí a lè ju ìpàkọ́ fún wákàtí kan lọ́dún? Mo bi Bàbá Ìmọ̀wò náà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. “A ti mú un wá,” ni wọ́n sọ. “Ohun tó kù ni bí a ó ṣe ṣe é.”

Ó gba abẹ́rẹ́, a gé gbogbo igbó tó yí ọgbà ká, a ta àwọ̀n sí ojú fèrèsé, Màálámù sì ń dá èéfín ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Nígbà tí ó fi padà bọ̀ sípò, oṣù Karùn-ún ti ń lọ sópin, Iléyá sì ti kanlẹ̀kùn.

Àgbò

N kò tíì sọ̀rọ̀ àgbò. Ẹṣin kì í fẹ́ dá wà. Agbo ni wọ́n dá a fún. Bó bá wà ní òun nìkan, yóò máa rìn síwá sẹ́yìn, yóò máa jẹ igi ilẹ̀kùn. Dókítà ti sọ fún wa ní oṣù Kejì pé kí a wá ẹnìkejì fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ ewúrẹ́. Bàbá Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú ọmọ Aláre tó mọ iye tí kọ́bọ̀ kan ń jẹ́, rò ó dáadáa. Wọ́n ní kí ló dé tí a ó fi ra ewúrẹ́ nígbà tí a ó ṣì ra àgbò Iléyá? Ẹ jẹ́ ká tètè ra àgbò nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì gun òkè, kó máa bá ẹṣin gbé títí di ọdún. Gbogbo wa yìn wọ́n fún ọgbọ́n yìí.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jọ gbé. Àgbò ń jẹ èyí tó bá bọ́ lẹ́nu ẹṣin. Bó bá rẹ̀ ẹ́, abẹ́ inú ẹṣin ló ń sùn sí. Nígbà àìsàn, bí Jẹ́jẹ́ bá dùbúlẹ̀, àgbò a fi ẹ̀yìn tì í. Bí a bá mú ọ̀kan jáde, èkejì a pariwo títí yóò fi padà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2025, a dé láti yídì, a sì pa àgbò bí Ọlọ́run ṣe pàṣẹ. Ẹ̀yìnkùlé la ti pa á, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn kiri, ẹṣin sì ní imú. Jẹ́jẹ́ yán lẹ́ẹ̀kan, ohùn gíga tó já geere. Ó dákẹ́, ó ń retí èsì. Ó tún yán. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kò fẹnu kan koríko. Ó dúró sí igun tí àgbò máa ń sùn, ó rẹ orí sílẹ̀. Nílé, ẹran dídín kún agbada, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé a ṣe ohun tó burú. Síbẹ̀, mi ò lè jẹ nínú rẹ̀. Mo rí i pé Màálámù náà kò jẹ.

Lálẹ́ Sátidé, Bàbá Ìmọ̀wò pè mí. Aṣọ mi ti wà lórí ìjókòó, sányán tí wọ́n dìídì hun fún mi. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹṣin tiwa ni a ó gùn lọ́dún yìí. Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ṣé o ó gùn ún?”

Mo mọ ohun tí ó máa jẹ́ bí mo bá sọ pé rárá. Mo tún mọ ẹṣin tó ti fi oṣù méjì gbé àìsàn, tí kò jẹun láti àná, tí a sì fẹ́ gbé lọ sí àárín ìbọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, n kò ní lè gùn ún. Bó bá jẹun láàárọ̀ ọ̀la, màá fà á lọ.”

Wọ́n gbọn orí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ká sányán náà fúnra wọn, wọ́n sì gbé e sínú àpótí.

Ní àgbàlá ọba

Ó jẹun díẹ̀ láàárọ̀, láti ọwọ́ mi. Báyìí ni ìdílé wa ṣe lọ sí Ojúde Ọba ọdún 2025: àwọn ìyá nínú aṣọ òfì, àwọn ọkùnrin nínú agbádá, àti ẹṣin kékeré kan tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ díẹ̀, tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń bèèrè pé, “Ẹlẹ́ṣin yín dà?” Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti ná owó púpọ̀ sórí gèlè, ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, n kò ní purọ́.

Nígbà tí ó kan wa láti wọlé, ìbọn àkọ́kọ́ dún. Jẹ́jẹ́ wárìrì láti orí dé ìrù. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ níbi tó ti lè rí mi, n kò fa okùn. Ìbọn kejì dún. Ó sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì, èmi náà sún bá a. Nígbà tí ẹ̀kẹta dún, ó gbé imú lé èjìká mi, ó sì mí kanlẹ̀, èémí gbígbóná tó gba inú aṣọ mi wọlé. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, ìlù bẹ̀rẹ̀, ó sì na etí síwájú, bí ẹni tó ń retí àwọn ajísààrì.

Kò sí kámẹ́rà kankan tó ya èyí. Àwọn ẹṣin ńlá ti ń jó níwájú, gbogbo ojú sì wà lọ́dọ̀ wọn. A kí ọba, a jáde, mo sì fà á padà sí Ìmọ̀wò ní ẹsẹ̀, kí oòrùn tó mú jù.

Nígbà tí a dé ilé, Bàbá Ìmọ̀wò kò sí nílé. Wọn ò pẹ́ dé. Agbádá ọdún ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n fi okùn fa ewúrẹ́ dúdú kan lọ́wọ́, abo, ó ti tó ọdún mélòó kan. Aládùúgbò wa onínúure ló tà á fún wọn, wọn ò sì dúnàá-dúrà, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí wọn ṣe rí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹṣin, wọ́n tì í wọlé. Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè.

“Èyí,” ni Bàbá sọ fún gbogbo ilé, wọ́n sì wo àwọn tó ń dáná lójú, “ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á.”